Kẹ́ẹ̀gì tó ní kẹ́míkà tó tún ní ìtànṣán: ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?

OmoLaabu:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láàbù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bá kẹ́ẹ̀gì oníke méjì nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó kó wọn síbẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó kọ sára wọn ò ju "toluene, P-32, H-3" lọ, ìyẹn toluene tó jẹ́ kẹ́míkà olómi, àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (P-32) pẹ̀lú háídírójìn (H-3) tó ní ìtànṣán. Ọ̀kan ti wú níkùn. Mo pe àwọn tó ń kó kẹ́míkà, wọ́n ní àwọn kì í gba nǹkan tó ní ìtànṣán, mo pe àwọn tó ń kó ti ìtànṣán, àwọn yẹn ní toluene ń gbaná, kí n má gbé e wá. Ọ̀gá mi wá ní kí n da sìmẹ́ǹtì sí i kí n dé e pa. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ló sì dé tí wọn ò kàn lè sun ún?

IyaKemisiri:
Àbúrò, má ṣí i, má sì mì í. Toluene máa ń wọ inú ike, òun ló jẹ́ kó wú yẹn. Ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán níbi iṣẹ́ yín ni kó o pè lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Ti sìmẹ́ǹtì yẹn, ọ̀gá ẹ ò gbọ́n ọn dáadáa, ẹ má bínú o. Omi ni sìmẹ́ǹtì ń bá ṣe kó tó gan, toluene ò bá omi rẹ́, á kàn kóra jọ sọ́tọ̀ ni, tó bá yá á tún ṣẹ̀ jáde.

Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sára ẹ̀? P-32, láàárín ọjọ́ 14 ó lé díẹ̀ agbára ẹ̀ á ti já sí ìdajì, tó bá já bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí oṣù márùn-ún nìyẹn, ohun tó ṣẹ́ kù ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ká ní òun nìkan ni, wọn ì bá kàn gbé e sílẹ̀ kó rọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá di kẹ́míkà lásán. H-3 tó dà mọ́ ọn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ọdún 12.3 nìyẹn fi ń já sí ìdajì. Mo ṣáà máa ń sọ ọ́, ẹni tó bá da méjì pọ̀ nítorí àtifi ìgò kan pamọ́, ẹlòmíì ló ń gbé ẹrù fún.

OmoLaabu:
Ẹ ṣé mà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n kọ. Àmọ́ mo gbé mítà Geiger tó ń dún bó bá rí ìtànṣán sún mọ́ ọn, kò dún rárá.

IyaKemisiri:
Kò ní dún! P-32 ti lọ, ìtànṣán H-3 ò sì lágbára tó máa wọnú mítà yẹn. Àfi kí wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ kà sórí ẹ̀rọ scintillation, èyí tó ń sọ ìtànṣán tí kò lágbára di ìmọ́lẹ̀ kó lè kà á.

BabaDuroomu:
Sísun ṣeé ṣe, wọ́n ń sun irú ẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó ní ìwé àṣẹ fún méjèèjì. Iná á jẹ toluene run, iná ò lè ṣe ìtànṣán ní nǹkan kan, H-3 á bá ooru omi jáde, mẹ́tààlì tó bá wà nínú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ á jókòó sínú eérú. Ní Amẹ́ríkà òfin méjì ló ń dì í mú, ti 1976 lórí ìdọ̀tí kẹ́míkà àti ti 1954 lórí agbára átọ́míìkì, kò yà mí lẹ́nu pé ìwọ náà ń kan ilẹ̀kùn méjì.

Kẹ́míkà yẹn ni kó o bẹ̀rù jù. Ní 14 February 2014, dúrọ́ọ̀mù kan tó ti láàbù átọ́míìkì Los Alamos wá bẹ́ nínú ihò WIPP, ibi tí wọ́n ń sin ìdọ̀tí ìtànṣán sí ní New Mexico, ó ju mítà 600 lọ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iyọ̀ nitrate, tó máa ń mú kí nǹkan tètè jó, ló wà nínú ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi ohun tí ológbò ń yàgbẹ́ sí, èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, pò ó kí omi ara ẹ̀ lè gbẹ. Èyí tí wọ́n fi ọkà wíìtì ṣe ni wọ́n lọ rà! Ọkà yẹn di oúnjẹ fún nitrate, ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fọ́ ìdérí. Ó tó bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún gbé dúrọ́ọ̀mù míì wọbẹ̀.

Asọgbó_77:
Àwọn ìdọ̀tí ti Hanford ńkọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe èròjà bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà? Mo gbọ́ pé gíláàsì ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe.

BabaDuroomu:
Táǹkì 177 lábẹ́ ilẹ̀, bíi mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 56. Yíyọ́ ni wọ́n máa ń yọ́ irú ẹ̀ pọ̀ mọ́ èròjà gíláàsì, kí ìdọ̀tí náà fúnra ẹ̀ di ara gíláàsì, kì í ṣe pé wọ́n kàn wé e sínú ẹ̀. Ní Savannah River, ibùdó átọ́míìkì míì ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń ṣe é láti 1996. Ti kẹ́ẹ̀gì méjì ò dé ibẹ̀ jàre.

OmoLaabu:
Ìròyìn tuntun: wọ́n ti wá. Wọ́n ki èyí tó wú bọ inú dúrọ́ọ̀mù irin tó tóbi jù ú lọ, ìdérí ẹ̀ ní ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, wọ́n sì ti rí ibi tí wọ́n máa sun ún. Ìgbà tí wọ́n gbé méjèèjì kúrò ni mo wá rí ìkẹta lẹ́yìn, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára.

IyaKemisiri:
Má ṣí i o.