Most Wanted ti 2005: mọ́tò wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

OníPáàdì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀. Need for Speed: Most Wanted ti 2005, géèmù eré mọ́tò, ni mo gbé sórí kọ̀ǹpútà. Mo ti dé ibi tí Razor, ọ̀tá wa nínú géèmù náà, ti gba BMW M3 GTR mi, owó tó kù kò sì ju ti mọ́tò kékeré kan lọ. Cobalt SS, Punto, Lexus IS 300 àti Golf GTI ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Ẹsẹ̀Mojú: Cobalt SS. Golf dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n Golf náà ni Sonny, ẹni 15 nínú Blacklist (àtòjọ àwọn asáré tí o gbọ́dọ̀ borí lọ́kọ̀ọ̀kan), ń wà. Bí o bá borí rẹ̀ nínú eré, ìwé mọ́tò rẹ̀ lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, mọ́tò náà á sì di tìrẹ. Kí ló wá dé tí wàá fi owó ra irú rẹ̀? Lexus ní tirẹ̀ kì í tètè gbéra, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í, ìdí rẹ̀ á máa yọ̀ ní kọ́nà. Owó tó bá kọ́kọ́ wọlé, má fi kun ọ̀dà o. Táyà àti nitrous (gáàsì tó ń fún mọ́tò ní agbára òjijì) ni kó lọ sí, kí ẹ́ńjìnnì tó tẹ̀ lé e.

ÌyáJíà: Ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Mojú, mo gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé mọ́tò yẹn kò dájú tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá borí ẹnì kan nínú wọn tán, àmì mẹ́fà ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ, méjì péré ni wàá mú. Mẹ́ta fi ohun tó wà nínú wọn hàn. Mẹ́ta yòókù, àmì ìbéèrè ló bò wọ́n, inú ọ̀kan nínú wọn ni ìwé mọ́tò wà. Torí náà, má ṣe ta tẹ́tẹ́ àmì ìbéèrè lórí gbogbo ènìyàn. Eclipse ti Big Lou, ẹni 11, kò tó ohun tí à ń du. Ní ti Big Lou, mú àmì tó ń fún ọ ní ohun èlò ẹ́ńjìnnì. Ti Earl, ẹni 9, ni kí o ta tẹ́tẹ́ lé: Lancer Evolution VIII, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tì í, kọ́nà kò dààmú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Gallardo ti Ming, ẹni 6.

OníPáàdì: Ẹ ṣé gan-an. Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́?

Ẹsẹ̀Mojú: Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú ọ, wàá san owó ìtanràn, wọ́n á sì kọ ẹ̀ṣẹ̀ kan sí mọ́tò náà lọ́rùn. Bó bá pé mẹ́ta, ó lọ nìyẹn. Bí o kò bá rí ìtanràn san, wọ́n á gbé e lọ láì dúró de ẹ̀kẹta. Ní mọ́tò kejì, kí Heat (bí ọlọ́pàá ṣe ń wá mọ́tò náà tó) ti àkọ́kọ́ lè máa lọ sílẹ̀ nígbà tó bá ń sinmi. Yíyí ọ̀dà tàbí bọ́dì padà náà ń dín in kù.

Bí wọ́n bá fi mọ́tò dí ọ̀nà, tí ìṣó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má gba orí ìṣó. Ìdí mọ́tò ọlọ́pàá ni kí o kọlù, torí iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ìdí fúyẹ́. Jíìpù ńlá tó ń bọ̀ ní ìdojúkọ, tẹ Speedbreaker, bọ́tìnnì tó ń mú kí ohun gbogbo falẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ (kì í ṣe bọ́ǹpù ojú títì ni mò ń wí o), kí o fi yà fún un.

OníPáàdì: Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí àwọn tí a jọ ń sáré, tí mo ti fi sílẹ̀ jìnnà, fi máa ń bá mi lójijì?

ÌyáJíà: Géèmù náà ló ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn. Bí o bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yára tó. Má ná nitrous tán ní yípo àkọ́kọ́, fi púpọ̀ sílẹ̀ de ìparí. Ní eré drag (eré ojú ọ̀nà tààrà, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yí jíà), ibi tí abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí hàn ti wọ àwọ̀ ewé ni kí o ti yí jíà. Bó bá pẹ́ lórí pupa, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú. Bí o bá sì kọlu mọ́tò tó ń kọjá, eré parí nìyẹn, wàá tún un sá láti ìbẹ̀rẹ̀.