Recall wà lórí ọ̀kadà àlòkù tí mo fẹ́ rà: kí ni kí n ṣe kí n tó sanwó?

Àkànní Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra Suzuki GSX-R750 ti ọdún 2011 lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Katy, nítòsí Houston níbí. Ọ̀kadà náà mọ́ tónítóní, orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà lórí ìwé, kò sì sí gbèsè báńkì lórí rẹ̀. Òun ni ẹni kẹta tó máa ni ín.

Mo ní kó fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, ló bá gbé e jáde pé recall kan wà lórí rẹ̀, ìyẹn pé kọ́ńpìnnì pè é padà kí wọ́n lè tún àléébù rẹ̀ ṣe, tí wọn ò tíì ṣe, bíréèkì iwájú ló sì kàn. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní òun ò gba lẹ́tà kankan rí, pé bíréèkì òun ń mú dáadáa, pé ẹ̀rù lọ́yà ló ń ba àwọn kọ́ńpìnnì tí wọ́n fi ń kéde irú ẹ̀.

Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? Tí mo bá rà á, ṣé èmi ni màá sanwó àtúnṣe? Ṣé díílà á tiẹ̀ dá mi lóhùn nígbà tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ni mo ti rà á? Ìyàwó mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yìí rárá, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún un pé kò séwu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Spánà

Àkànní, o káre tí o yẹ̀ ẹ́ wò kówó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Atlanta, Mọ́kọlá ní Ìbàdàn ni mo sì ti kọ́ṣẹ́ kí n tó rékọjá síbí. Jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí bíréèkì iwájú kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Iwájú ló ń dá ọ̀kadà dúró jù.

Kò yà mí lẹ́nu pé onítọ̀hún ò gba lẹ́tà. Tí kọ́ńpìnnì bá ti fi àléébù tó NHTSA létí, òfin fún wọn ní ọjọ́ 60 láti kọ̀wé sí àwọn tó ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tó bá wà nínú ìwé lásìkò yẹn ni lẹ́tà ń lọ. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti kó kúrò nílé yẹn, tàbí tó ti ta ọ̀kadà náà, ó tán nìyẹn. Ẹni kejì ò gbọ́, ẹni kẹta ò gbọ́. Ara ọ̀kadà sì ni àléébù yẹn wà, kò bá ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù pé nọ́ńbà ṣásí ni kí wọ́n bi léèrè, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń parọ́ o. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni.

Recall tí o rí yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún 2013 ni Suzuki kéde rẹ̀: GSX-R600 àti GSX-R750 láti 2004 dé 2013, pẹ̀lú GSX-R1000 láti 2005 dé 2013. Ní Amẹ́ríkà nìkan, iye rẹ̀ lé ní 210,000. Nínú master cylinder iwájú, ìyẹn ibi tí ọwọ́ bíréèkì ti ń ti ọ́ìlì lọ sísàlẹ̀, písítìn kan wà níbẹ̀. Tí ó bá pẹ́ tí wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, ọ́ìlì á fa omi mọ́ra, písítìn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, á sì máa tú gáàsì jáde. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé láti inú ike òkè, ẹ̀gbẹ́ ló wà, kì í ṣe òkè, nítorí náà gáàsì ń há sórí písítìn níbẹ̀, kì í rí ọ̀nà jáde tán. Ọ́ìlì kì í sún kì, gáàsì ló ń sún kì. O fa ọwọ́ bíréèkì, ọwọ́ wọlé, agbára ò dé ìsàlẹ̀.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́ á ti bá a mọ́ra, kò ní mọ̀ pé ọwọ́ bíréèkì òun ti rọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ. Nítorí náà “ó ń mú dáadáa” tí ọkùnrin yẹn sọ, má gbé ọkàn lé e.

Tí o bá débẹ̀, kí wọ́n tó ta ẹ́ńjìnnì rárá, fi ìka méjì fa ọwọ́ bíréèkì iwájú, kí o sì dì í mú. Ó yẹ kó le, kó sì dúró sójú kan. Tó bá ń rọra yọ́ wọlé lábẹ́ ìka rẹ, tàbí tó jẹ́ pé ó di ìgbà tí o bá fà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó le, má ṣe gun ún, kódà má yí po àdúgbò. Wo ike ọ́ìlì náà: ọ́ìlì tó dáa mọ́ gaara, ó lè pọ́n díẹ̀. Tó bá ti dúdú bí àgbo, kò sẹ́ni tó bójú tó o. Ṣùgbọ́n kódà tí gbogbo rẹ̀ bá dáa lójú rẹ, recall yẹn ò kúrò lọ́rùn ọ̀kadà náà títí wọ́n á fi pààrọ̀ páàtì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. O ò ní san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ recall ọ̀fẹ́ ni, kò kan bí o ṣe jẹ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹwàá, kò sì kan ibi tí o ti rà á. Díílà Suzuki èyíkéyìí tí kọ́ńpìnnì mọ̀ sí ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ààlà tí òfin fi síbẹ̀ kò ju pé kó má jẹ́ ọ̀kadà tí wọ́n ti rà ní tuntun ní ohun tó ju ọdún 15 lọ ṣáájú ìkéde recall. Tìrẹ, ọ̀kadà 2011, ìkéde 2013, kò séwu. Mọ èyí náà pé ìkànnì NHTSA kì í gbé recall tó ti ju ọdún 15 lọ jáde. Ẹni tó bá ń ra ọ̀kadà àtijọ́, kó pe díílà, kó ní kí wọ́n wo ìtàn nọ́ńbà ṣásí náà látìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: má fi í sílẹ̀, má sì sanwó. Ní kí ẹni tó ń tà á gbé e lọ sọ́dọ̀ díílà fúnra rẹ̀. Kò ní ná an lówó. Tó bá kọ̀, ìgbà yẹn ni kí o rìn kúrò. Òfin ìjọba àpapọ̀ níbí kò jẹ́ kí díílà ta ọkọ̀ tuntun tí recall ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di àlòkù, pàápàá lọ́wọ́ aládàáni bíi ti ọkùnrin yẹn, kò sí òfin àpapọ̀ tó dá a dúró. Ojú ara rẹ ni kí o fi ṣọ́ ara rẹ.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ sí ọ yẹn, má gbà á gbọ́ títí o fi máa rí i lára irin. Yí ọwọ́ ọ̀kadà sí òsì pátápátá, kí o wo ọrùn férémù lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọlé. Fi àkísà nu gíríìsì kúrò, tan iná fóònù sí i. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kò sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Fi wé ti orí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, má fi ìyẹn wádìí.

Ìyá Táyọ̀ Peckham

Bàbá Spánà, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àkànní, mo kàn fẹ́ fi ti ọ̀dọ̀ wa ní London kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ káàkiri ń ka ibí, àlòkù ni gbogbo wọn sì ń rà.

Níbí, ìkànnì ìjọba gov.uk ni ẹ máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń wo ìtàn MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ ṣe. Nọ́ńbà pílétì ọ̀kadà lásán lẹ máa tẹ̀. Tí recall bá wà tí kọ́ńpìnnì ti fi tó wọn létí, á hàn níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kọ́ńpìnnì ló ń fi tiwọn síbẹ̀, nítorí náà ẹ tún tẹ irú ọ̀kadà náà àti ọdún rẹ̀ sí ibi tí ìjọba ti kó gbogbo recall jọ, kí ẹ sì pe díílà pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásí tó wà lórí V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀ níbí. Àwọn ọmọ yìí máa ń rò pé tí MOT bá ti wà, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ò tiẹ̀ ní MOT kankan, recall sì lè wà lórí rẹ̀.

Ẹ wo BMW R1200GS àti R1200RT tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2010. Ní 2015 ni wọ́n pè wọ́n padà, nítorí irin tí wọ́n de táyà ẹ̀yìn mọ́ lè sán tí ẹni tó tú táyà bá fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù. Ta ló máa rí ìyẹn lójú lásán? Tí ọlọ́pàá bá sì mú yín lórí ọkọ̀ tó léwu níbí, owó ìtanràn lè tó £2,500, pẹ̀lú póìǹtì mẹ́ta lórí láísẹ́ńsì. Ọmọ tó ń fi ọ̀kadà jẹun, níbo ló ti máa rí i?

Dérìn Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Spánà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi fẹ́ ra Honda Gold Wing tòkunbọ̀ níbí ní Èkó, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, ọdún 2008. Ẹni tó ń tà á fún mi ní rìsíìtì pé wọ́n ti ṣe recall rẹ̀ ní 2012. Ṣé mo lè fọkàn balẹ̀?

Bàbá Spánà

Dérìn, má tíì fọkàn balẹ̀. Gold Wing 2001 dé 2010, pẹ̀lú ti 2012, bíréèkì ẹ̀yìn wọn ni wọ́n torí ẹ̀ pè wọ́n padà ní 2011. O tú bíréèkì sílẹ̀ tán, ó ṣì ń dì mú díẹ̀, ó ń gbóná, ó sì lè gbiná. Ní 2014 wọ́n tún pe àwọn ọ̀kadà yẹn padà, ó lé ní 145,000 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ti rí sí tẹ́lẹ̀ sì wà nínú wọn. Nítorí náà rìsíìtì 2012 kò dáhùn ti 2014. Nígbà tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ á ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì NHTSA láti Èkó níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti London tàbí Yúróòpù ni, kò ní rí nǹkan kan fún ọ, kíyè sí i o, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ọ̀kadà náà mọ́.

Àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n o ti mọ páàtì tó ń dààmú: secondary master cylinder tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì ẹ̀yìn ni. Ní kí mẹkáníìkì rẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kó tẹ bíréèkì, kó tú u sílẹ̀, kó wá fọwọ́ yí táyà. Tó bá wúwo láti yí, yọ owó páàtì yẹn kúrò nínú iye tí o fẹ́ san, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó gùn ún jáde.

Àkànní Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti lọ sí Katy. Nọ́ńbà ọrùn férémù bá ti ìwé mu. Ọwọ́ bíréèkì le nígbà tí mo fà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dì í mú, ó rọra ń wọlé. Mo fi han ọkùnrin náà, òun náà fà á, ó dákẹ́, ó sì gbà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ díílà. Wọ́n ní àwọn máa béèrè páàtì ná. Ìwé wo ni kí n gbà nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán?

Bàbá Spánà

Inú mi dùn gan-an. Gba ìwé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ díílà tí nọ́ńbà ṣásí, nọ́ńbà recall àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tún nọ́ńbà náà tẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA. Tó bá ṣì ń gbé recall yẹn jáde, ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ní kí díílà fi ránṣẹ́ lójú rẹ. Sọ fún ọkùnrin náà pé ọkọ̀ akẹ́rù ni kó fi gbé e lọ, kó má gùn ún. Táyà náà ńkọ́? Nọ́ńbà ṣásí ò ní sọ recall táyà fún ọ. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Tí o bá rí i, kọ ọ́ síbí, mo máa bá ọ wò ó.