Báwo lẹ ṣe ń mú kí àwọn ọmọ yunifásítì kọ spec kí wọ́n tó fọwọ́ kan kóòdù?

Olùkọ́_300L:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ 300 level ni mo ń kọ́ bí a ṣe ń kọ spec, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà kan gbọ́dọ̀ ṣe, àti bí a ṣe ń rí i dájú pé sọ́fítíwìà péye. Wọ́n tó igba, èmi nìkan ni mo sì ń máàkì. Mo fún wọn ní iṣẹ́ kan: ètò kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi fowó ránṣẹ́ síra wọn nínú ọgbà. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ ná. Rárá o, kóòdù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Tó bá wá ku ọ̀la tí wọ́n máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ spec tó bá kóòdù mu. "Ètò náà gbọ́dọ̀ yára, kó sì rọrùn lò." Kó yára dé ibo? Kó rọrùn fún ta ni? Ní ti test, ìyẹn dídán ètò náà wò, wọ́n á fi 1,000 náírà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ, ó parí nìyẹn. Mo fún wọn ní fọ́ọ̀mù, wọ́n kàn ń dí àyè tó ṣófo ni. Kí lẹ̀yin ń ṣe?

ÌyáTest:

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ test ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó sísan lórí fóònù, mo sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gba fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń kọ spec fún ara rẹ̀ ò rí ìdí tó fi yẹ kó kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Ṣe ni kí ẹgbẹ́ kan kọ spec, kí ẹgbẹ́ kejì fi kọ kóòdù, kí ẹgbẹ́ kẹta fi kọ test láìrí kóòdù. Èmi kì í gbà kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi parí. Lọ́jọ́ tí a bá kó kóòdù àti test pọ̀, ariwo á sọ! Ibi tí wọ́n bá ti ń jà, ibẹ̀ gan-an ni spec ò ti sọ ohun tó yẹ kó sọ.

Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ mú yẹn dára gan-an. Ẹ bi wọ́n pé, bí ẹnì kan bá fowó ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, kóòdù tí ọ̀pọ̀ wọn ń kọ á kọ́kọ́ ka iye tó wà nínú àkáǹtì méjèèjì, á yọ ti olùfiránṣẹ́, á sì wá fi kún iye tó ti kà tẹ́lẹ̀ fún olùgbà. Ẹni tó ní 10,000 tó fi 4,000 ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ á bá 14,000 níbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí fóònù tún fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ti yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nídìí POS rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣeré.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé: àpapọ̀ owó inú gbogbo àkáǹtì kò gbọdọ̀ yí padà lẹ́yìn ìfiránṣẹ́, àkáǹtì kankan kò sì gbọdọ̀ wọ gbèsè. Irinṣẹ́ Hypothesis fún èdè kọ̀ǹpútà Python lè máa ṣa iye owó fúnra rẹ̀ láti fi dán ìlà yìí wò. Ọ̀fẹ́ ni, àtọmọdọ́mọ QuickCheck, irinṣẹ́ irú rẹ̀ tí Koen Claessen àti John Hughes ṣe, sì ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ o. Bí ẹnì kan bá fi -4,000 ránṣẹ́, owó ẹlòmíràn lá wá bá a, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ ò yí padà! Èmi kì í sọ ìyẹn fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn, kí wọ́n wá kọ ìlà tó kù.

Àkàndé_K:

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Yúróòpù, fún wọn pẹ̀lú. Ní 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, àkọ́kọ́ nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gbéra ní Kourou ní French Guiana, ìṣẹ́jú kan ò pé tó fi fọ́ yángá lójú òfuurufú. Wọ́n mú kóòdù kan látinú Ariane 4 wá. Eré tí Ariane 5 ń sá ní ìbú pọ̀ ju ti Ariane 4 lọ, nọ́ńbà kan sì tóbi ju àyè kékeré (bit 16) tí wọ́n fẹ́ kó o sí nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀ kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Kóòdù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ni méjèèjì bá kú. Kóòdù yẹn ti ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Ariane 4. Ọ̀nà tí Ariane 5 máa gbà fò ni kò sí nínú spec rẹ̀.

Olùkọ́_300L:

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Test, máàkì ńkọ́? Igba ọmọ o.

ÌyáTest:

Ẹ má fojú máàkì test rárá. Ẹ kọ spec kan fúnra yín, kí gbogbo wọn fi kọ test. Ẹ kọ ètò kan tó péye, kí ẹ wá ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá tí ẹ ti ba nǹkan kan jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ sọ < di <=, ẹ yọ ibi tó ń yẹ iye owó wò kúrò. Test tó bá sọ pé ètò tó péye kò dára, òdo ni. Èyí tí kò sọ bẹ́ẹ̀, iye ẹ̀dà bíbàjẹ́ tó bá mú ni máàkì rẹ̀. Laptop kan á ṣe gbogbo rẹ̀ mọ́jú. Spec tiwọn nìkan lẹ máa fojú kà. Bí wọ́n bá sì jẹ́ márùn-ún márùn-ún, ogójì péré ni.

Ọmọ_Ìbàdàn:

Ẹ fi orúkọ tiwọn náà sí i. Ẹ ní kí ètò má gba orúkọ tó gùn ju lẹ́tà 20 lọ, kí ẹ wá bi wọ́n pé lẹ́tà mélòó ló wà nínú Gbọ́lá. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, mẹ́rin ni, torí lẹ́tà kan ni gb. Python á pè é ní 6 tàbí 8, bí wọ́n bá ṣe tọ́jú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló máa sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó kọ spec sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.