Òdòdó aṣálẹ̀ tí a dá mọ̀ láti Òṣogbo

Ní oṣù Kẹta ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Arizona fi àwòrán òdòdó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko ní Òṣogbo, ẹ bá mi wo èyí." Òdòdó funfun tí àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè ni, ó sì lẹ̀ mọ́ yanrìn débi pé ó ní láti dojú bolẹ̀ kí ó tó rí i yà.

Ẹbí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, nítorí ohun tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo jẹ́ àkójọ òdòdó wẹ́wẹ́ lórí ìdí kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára yúnyún àti imí eṣú tí ó kún ẹ̀bá ọ̀nà wa. Ẹbí Asteraceae nìyẹn. Ewúro pàápàá wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa tí a ń já a sọ́bẹ̀ kì í sábà jẹ́ kí ó ráyè tanná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà inú ẹbí yìí lé ní 20,000, méjì tí ó sì jọra gan-an wà ní àwọn aṣálẹ̀ ibẹ̀: Eriophyllum lanosum àti Monoptilon bellioides. Àwòrán tí a yà láti òkè kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ni mo ṣe ní kí ó ya ewé àti igi rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Irun ara ti àkọ́kọ́ rọ̀ bí òwú. Ti èkejì le, ó sì dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun líle ni mo rí.

Monoptilon náà tún ní ẹ̀yà méjì, èso wọn ló sì ń ṣe ìdájọ́. Ẹni tó bá ti rí èso akíntọ́lá nígbà ọyẹ́ mọ irun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Lórí èso Monoptilon bellidiforme, irun kan ṣoṣo ló ga, tí orí rẹ̀ rí bí ìyẹ́. Ti bellioides ní irun púpọ̀ tí ìpẹ́ kéékèèké wà láàárín wọn. Àbúrò mi dúró títí ó fi gbẹ, ó gbọn èso rẹ̀ sórí bébà funfun, ó sì yà á láti abẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Irun náà pọ̀, bellioides ni.

Kò kọ́kọ́ gbà, nítorí èyí tó wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò rẹ̀ fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ dáadáa. Mo ṣàlàyé fún un pé ewéko ọlọ́dún kan ni, tí irúgbìn rẹ̀ ń sùn nínú yanrìn títí òjò ìgbà òtútù yóò fi rọ̀: bí òjò bá ṣọ̀wọ́n, yóò yọ òdòdó kan péré, yóò so, yóò sì kú, bí omi bá tó, yóò tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òdòdó púpọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi béèrè bí ó ti tóbi tó.