Rusticate, ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé oko kòkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti ọ̀rọ̀ òyìnbó tó kó bá yín, ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún kejì ni mo wà níléèwé gíga tí wọ́n ká fóònù mọ́ mi lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo jẹ̀bi. Nígbà tí lẹ́tà máa dé, wọ́n ní àwọn ti rusticate mi fún sẹmẹ́sítà méjì.

Irin tó dógùn-ún ni ọ̀rọ̀ yẹn jọ létí mi. Màmá mi tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, bi mí pé kí ni ìwé wí. Mo ní wọ́n ní kí n lọ sinmi díẹ̀ ni. Kílẹ̀ tó ṣú, aládùúgbò kan ti ta á lólobó pé wọ́n ti lé mi pátápátá, ló bá káwọ́ lérí.

Bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni fà á. Ó gbé dikiṣọ́nárì rẹ̀ àtijọ́ jáde, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó tó fi rọ́bà dè. Ó ń fi ìka tọ ojú ìwé wálẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní ìtumọ̀ tó ṣáájú níbẹ̀ ni kéèyàn lọ máa gbé ìgbèríko. "Àwọn ọ̀gá rẹ ti parí ọ̀rọ̀. Oko ni wọ́n ní kó o lọ."

Ilẹ̀ mọ́, ó di Ìdànrè. Ẹ ò tíì fọ́ kòkó rí? Kóró rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọbẹ̀ ilá, eṣinṣin ò sì fini lọ́rùn sílẹ̀. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, títí á fi máa rùn bí ẹmu tó ti kan, ká tó sá a sóòrùn.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní rus ni Látìn ń pe ìgbèríko, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Oxford tàbí Cambridge bá rusticate, ó ń padà bọ̀. Expel ni ti àlọ-àìpadà, èyí tí Oxford ṣe fún Shelley akéwì lọ́dún 1811. Mo fóònù màmá mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe irọ́ ìsinmi ọjọ́sí ni mo tún gbé dé.

Mo padà o, mo sì jáde. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí bàbá mi bá gbọ́ pé wọ́n rusticate ọmọ ẹnì kan, ohun tó máa ń bèèrè ni pé, "Oko ta ni?"