Kí ló dé tí a kì í rí ẹ̀ka orin Áfíríkà lórí tẹlifíṣàn ní alẹ́ Grammy?

Atẹ́tígbọ́rin: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Láti 2024 tí Grammy, àmì-ẹ̀yẹ orin ńlá ti Amẹ́ríkà, ti dá ẹ̀ka orin Áfíríkà sílẹ̀, ẹni tó bá jí ní aago méjì òru láti wo ètò náà kì í rí ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún. Orí fóònù lèèyàn á ti gbọ́ pé Tems ti gbà á. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é látilẹ̀ nìyí, àbí àwa ni wọ́n tì sẹ́yìn? Ibo ni a ti lè wò ó?

Amóhùnmáwòrán: Ẹ kú ìbéèrè. Wọ́n ti fúnni tán kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ni. Ayẹyẹ méjì ló ń wáyé ní Sunday kan náà ní Los Angeles. Èyí àkọ́kọ́, Premiere Ceremony, a máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán tiwọn, ìyẹn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni Tyla, olórin South Africa, ti gba tirẹ̀ ní 2024, ibẹ̀ náà ni Tems ti gbà á ní 2025. Nínú ẹ̀ka 94 ti ọdún yẹn, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún ayẹyẹ kejì, èyí tó ń lọ lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀fẹ́ ni Premiere Ceremony lórí YouTube àwọn Recording Academy, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Grammy, àti live.grammy.com. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ sọ àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ sí 360p. Ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀: bí ẹni tó jẹ ò bá sí níjòókòó, ẹni tó kéde á gbà á fún un, wọ́n á sì ti bọ́ sí òmíràn.

Àgbà_Àwo: Kì í ṣe bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn o. Ní 1959, àpèjẹ alẹ́ ni, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Beverly Hills àti òmíràn ní New York lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ̀ka 28 péré. Ètò tí wọ́n ká sílẹ̀ ni NBC, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan, ń gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ẹni tó jẹ. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1971 ni ABC, tẹlifíṣàn mìíràn, kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. CBS, tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan náà, gbà á ní 1973.

Ẹ̀ka wá ń bí sí i. Nígbà tó fi máa di 2011, wọ́n ti di 109, kí wọ́n tó gé e sí 78 fún 2012. Ẹ ṣírò rẹ̀: iṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíkéde, gígun orí ìtàgé àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, wákàtí mẹ́ta àti iṣẹ́jú 38 ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì kọrin. Gbogbo ètò tẹlifíṣàn ọ̀hún ò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lọ.

Amóhùnmáwòrán: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Orin ló sì ń fa òǹwòran. Ní 1984 tí Michael Jackson gba mẹ́jọ, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 51 ló wò ó ní Amẹ́ríkà (ọdún yẹn náà ni wọ́n yan King Sunny Adé fún àwo-orin rẹ̀ *Synchro System*). Ní 2021, mílíọ̀nù 8.8 péré. Irú ìjábọ́ báyìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa já àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ kí orin lè ráyè. Ẹ wo Burna Boy: ó jẹ ní 2021, ayẹyẹ ọ̀sán ló ti gbà á. Ní 2024 wọ́n gbé e sórí ìtàgé ńlá, ó kọrin, ṣùgbọ́n kò jẹ ìkankan nínú mẹ́rin tí wọ́n yàn án fún.

Atẹ́tígbọ́rin: Ẹ ṣeun gan-an. Ó ṣì ń dùn mí o. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tó jẹ́ ti odidi Áfíríkà, kò yẹ kó jìnnà sí ojú tẹlifíṣàn.

Àgbà_Àwo: Ó dun èmi náà. Wọ́n lè mú un wọlé bí wọ́n bá fẹ́. Iṣẹ́ tó ju iṣẹ́jú mẹ́ta lọ kọ́. Kí n fi èyí kún un: bí ètò bá bọ́ sí oṣù Kẹta, ẹ tún aago ṣírò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2021, òru ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni Amẹ́ríkà sún aago síwájú, wákàtí mẹ́jọ ni Nàìjíríà fi ṣáájú Los Angeles, kì í ṣe mẹ́sàn-án mọ́. Ẹni tó bá gbójú lé aago oṣù Kejì á pẹ́ ní wákàtí kan.