Kí gan-an ni epo atasánsán ń ṣe fún ewéko tó ní in?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Gbogbo wa la mọ̀ pé ewé míńtì, efinrin, atalẹ̀ àti èèpo ọsàn ní epo atasánsán nínú, tí òórùn rẹ̀ máa ń gba imú ẹni ní kété tí a bá ti fọwọ́ ra wọ́n. Epo yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ òróró inú ẹ̀pà tàbí èkùrọ́. Oúnjẹ ni òróró inú hóró jẹ́, ewéko ló fi pa mọ́ de èéhù rẹ̀, kì í sì í fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Epo atasánsán ní tirẹ̀ kì í bọ́ èéhù kankan, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń bá atẹ́gùn lọ títí tí yóò fi tán.

Ohun tí mo ń kà káàkiri ni pé ààbò ni ewéko fi ń ṣe. Ó yé mi dé ibì kan, ṣùgbọ́n n kò tíì lè gbà á tán. Bí ó bá jẹ́ májèlé tó lágbára tó láti pa kòkòrò, kí ló dé tí kì í pa ewéko tó gbé e sára? Bí ó bá sì jẹ́ ààbò lóòótọ́, báwo ni ẹranko koala ṣe sọ ewé eucalyptus di oúnjẹ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí kò kú? Ọsàn tí èèpo rẹ̀ kún fún epo yìí bámúbámú náà ló tún máa ń tètè bu. Ǹjẹ́ kì í ṣe pé ìdọ̀tí ni ewéko ń kó jọ sínú ewé àti èèpo nítorí pé kò ní ọ̀nà mìíràn láti dà á nù, tí àwa sì ń pè é ní ohun ìjà?

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì

Ẹ kú ìbéèrè. Èrò pé ìdọ̀tí ni epo yìí ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pàápàá, nítorí pé wọn kò rí iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe nínú bí ewéko ṣe ń jẹun, tó ń mí, tó sì ń dàgbà. Lára àwọn tó kọ́kọ́ ta ko èrò náà ni Ernst Stahl, ará Jámánì, tó gbé oríṣiríṣi ewé síwájú ìgbín, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1888. Ewé tí ìgbín kọ̀ ní tútù, ìgbín jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọtí líle fa àwọn èròjà inú rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, ó di ọdún 1959 kí Gottfried Fraenkel tó kọ ọ́ ketekete pé àtikojú kòkòrò ni ìdí tí irú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ fi wà nínú ewéko, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí i.

Ohun tó mú èmi fúnra mi gbà pé kì í ṣe ìdọ̀tí ni ohun tí ewéko ń ná lé e lórí. Terpene ni púpọ̀ nínú àwọn èròjà inú epo wọ̀nyí. Ẹyọ tó ní carbon márùn-ún ni ewéko ń so pọ̀ láti ṣe é: méjì nínú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ló ń di irú menthol àti limonene, mẹ́ta ló ń di àwọn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ewéko tó rí èyí ṣe, ó ní láti mú ṣúgà tí ó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe, kí ó yọ oxygen inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ó sì tún fi agbára kún un, débi pé gíráàmù terpene kan ń gba ohun tó ju ti gíráàmù ṣúgà kan lọ dáadáa. N kò rò pé ẹ̀dá tó ń fi agbára ṣọ́ra ná bí ewéko yóò na irú èyí sórí ohun tí ó fẹ́ sọ nù.

Ní ti ìdí tí kò fi ń pa ewéko tó ni ín, ibi tí ewéko kó o sí ni ìdáhùn. Ẹ fi maikirosíkóòpù wo ewé míńtì, ẹ ó rí àwọn kókó róbótó tó ń dán lórí awọ rẹ̀. Kókó kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kúkúrú kan, sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ló tò sórí ẹsẹ̀ náà ní òbírí, àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí ló sì ń ṣe epo. Wọn kì í tọ́jú rẹ̀ sínú ara wọn rárá. Wọ́n ń tì í jáde sí àyè kan tó wà láàárín wọn àti awọ fẹ́lẹ́ olómi-ìda tó bò wọ́n lórí, bí epo bá sì ti ń kún ni awọ náà ń wú sókè. Ìgbà tí ewé ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ń wáyé, ìyẹn ìgbà tí ewé rọ̀ jù, tí kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ìdin tó bá gé e jẹ ni yóò fọ́ awọ fẹ́lẹ́ náà, epo yóò sì dà sí i lẹ́nu. Ti ọsàn yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ihò kéékèèké inú èèpo ni epo rẹ̀ wà. Ti atalẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n gbé májèlé náà jìnnà sí ibi tí ẹ̀mí ewéko wà.

Bí epo bá ti dà jáde, iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin. Thymol àti carvacrol tó wà nínú ewé táìmù máa ń wọ inú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì bakitéríà àti ti èbu, wọ́n á sì mú kí ohun inú sẹ́ẹ̀lì náà máa jò dànù. Àwọn mìíràn ń dojú ìjà kọ iṣan ìmọ̀lára kòkòrò. Koala tí ẹ mẹ́nu kàn ní ẹ̀dọ̀ tó kún fún ẹ́ńsáìmù tó ń tú àwọn èròjà inú epo eucalyptus palẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé koala kì í jẹ gbogbo ewé eucalyptus tó bá rí. Ó máa ń fi imú yẹ̀ ẹ́ wò, púpọ̀ ló sì ń kọ̀. Díẹ̀ sì ni àwọn ẹranko mìíràn tó lè fi ewé náà ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Olùṣọ́ Igbó

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sídìí igi páìnì, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà yìí ti hàn sí ojú lásán.

Oje páìnì ní apá méjì. Apá kan jẹ́ epo tó ń fẹ́ lọ, òun ni tọpẹntáìnì. Apá kejì ki, kì í sì í fẹ́ lọ. Àwọn méjèèjì wà nínú ọ̀nà tóóró tó gba inú èèpo àti igi kọjá, wọ́n sì há mọ́ ibẹ̀ gbagbaagba. Bí kòkòrò tó ń lu èèpo igi bá ti gé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, oje á tú jáde sí i. Nígbà mìíràn, oje á tì í padà síta láti ojú ihò tó lu. Nígbà mìíràn, inú oje náà ni yóò kú sí. Tọpẹntáìnì ló mú kí oje náà ṣeé ṣàn dé ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, tọpẹntáìnì á bá atẹ́gùn lọ, apá tó ki á gan, á sì dí ojú ọgbẹ́ náà pa kí àrùn má baà gba ibẹ̀ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí èyí: fífẹ́ tí epo náà ń fẹ́ lọ, tí ẹ kà sí òfò, wà lára iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí kò bá fẹ́ lọ, ọgbẹ́ náà kò ní í dí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé àwọn ọ̀tá ń kọ́ ọgbọ́n. Kòkòrò kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà tó ń pa igi páìnì lọ rẹpẹtẹ lórí òkè. Obìnrin rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lu igi, ara rẹ̀ á sì sọ α-pinene inú oje igi náà di èròjà mìíràn tó ń jẹ́ trans-verbenol, òórùn èyí ni yóò sì fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Bí wọ́n bá ti ya lu igi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, oje igi náà á tán kí wọ́n tó tán. Igi tí ọ̀dá ti mú, tí kò ní omi tó láti fi ti oje jáde, ni ó tètè ń ṣubú fún wọn. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí a pe epo kan ní ààbò kí a tó sọ ọ̀tá tí ó ń dáàbò bo ewéko lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń lé kòkòrò ọgọ́rùn-ún sá lè jẹ́ ìpè fún ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì tó láti run igbó.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ọ̀rẹ́ Kòkòrò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu kàn, tó jẹ́ pé òun ni mo kà sí ìyanu jù nínú gbogbo rẹ̀: ewéko lè fi òórùn ké sí ẹni tí yóò gbà á.

Ní ọdún 1990, Ted Turlings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ìdin bá ń jẹ ewé àgbàdo ọ̀dọ́, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀wọ́ terpene sínú afẹ́fẹ́, agbọ́n kékeré kan á sì tọ òórùn náà wá, á yé ẹyin rẹ̀ sínú ara ìdin, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ìdin náà láti inú wá. Bí wọ́n bá fi abẹ nìkan ha ewé àgbàdo náà, ohun tó ń tú jáde kéré púpọ̀. Bí wọ́n bá ha á tán tí wọ́n sì fi itọ́ ìdin sí ojú ọgbẹ́ náà, òórùn á tú jáde bí ẹni pé ìdin gan-an ló jẹ ẹ́. Ní ọdún 1997, wọ́n rí èròjà inú itọ́ náà tí àgbàdo fi ń dá ọ̀tá rẹ̀ mọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní volicitin.

Gbòǹgbò àgbàdo náà ń ṣe irú rẹ̀ nínú ilẹ̀. Bí ìdin bá ń jẹ gbòǹgbò, gbòǹgbò á tú caryophyllene sílẹ̀, èròjà kan náà tó wà nínú epo kànáfùrù, àwọn aràn tín-ín-tín tó ń pa ìdin á sì tọ̀ ọ́ wá. Èyí tó dùn mí jù nínú ìwádìí náà, tó jáde ní ọdún 2005, ni pé púpọ̀ nínú irú àgbàdo tí wọ́n ń gbìn ní Àríwá Amẹ́ríkà kò lè ké ìpè yìí mọ́. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣa irúgbìn lọ láti ìran dé ìran, kò sí ẹni tó wo òórùn gbòǹgbò, ó sì bọ́ sọnù.

Láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ti kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ ọsàn ló ṣẹ́ kù, àti ìkan tí mo gbọ́ pé àwọn ewéko olóòórùn kan máa ń fi epo wọn pa koríko tó bá hù sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí koríko. Ní ìpínlẹ̀ California, ilẹ̀ gbalasa máa ń yí igbó sage, ewéko olóòórùn kan, ká, koríko kì í hù níbẹ̀. Ní ọdún 1964, Cornelius Muller sọ pé camphor àti cineole tó ń fẹ́ jáde láti ara sage ló ń pa hóró koríko, ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ gbogbo. Ní ọdún 1970, Bruce Bartholomew fi àwọ̀n wáyà bo apá kan nínú ilẹ̀ gbalasa náà, koríko sì hù lábẹ́ àwọ̀n. Àwọn eku, ehoro àti ẹyẹ tó fi inú igbó sage ṣe ibi ìsápamọ́ ló ń jáde wá jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn èròjà náà ń dí híhù hóró lọ́wọ́ bí a bá sé wọn mọ́ inú ìgò pẹ̀lú hóró, ṣùgbọ́n inú ìgò kọ́ ni sage ń gbé. Ní tèmi, n kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa ewéko kankan àyàfi bí ẹnì kan bá ti yẹ ọ̀ràn ẹranko wò.

Ní ti ọsàn, ìbéèrè yín bá ibi tó yẹ. Limonene lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún epo inú èèpo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Sípéènì ṣe igi ọsàn tí limonene inú èso rẹ̀ kéré gan-an, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: kò rọrùn fún èbu aláwọ̀ ewé láti mú ọsàn náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni akọ eṣinṣin èso kò fi bẹ́ẹ̀ wá a mọ́. Limonene tí a rò pé ó ń lé èbu ni èbu náà ń tọ̀ wá. Ẹ rántí pé èso kì í ṣe ewé. Ewéko fẹ́ kí wọ́n fi ewé òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí hóró inú èso bá ti gbó, ó fẹ́ kí ẹnì kan wá ṣí èso náà, kí hóró lè jáde. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ náà fi síwájú nìyẹn, mo sì rí i pé ó bọ́gbọ́n mu.

Ọ̀rọ̀ táìmù ni kí n fi kún un, nítorí pé ó fi hàn pé kì í ṣe ọ̀tá abẹ̀mí nìkan ni epo yìí níí ṣe pẹ̀lú. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nítòsí ìlú Montpellier, oríṣi mẹ́fà ni táìmù tó ń hù ní igbó, èròjà tó pọ̀ jù nínú epo wọn la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àwọn tó ní thymol àti carvacrol ń gbé lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí ọ̀dá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti le. Àwọn tó ní linalool àti irú rẹ̀ ń gbé inú àfonífojì Saint-Martin-de-Londres, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ń rọ̀ sí nígbà òtútù. Òtútù líle tètè ń pa àwọn ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fara da ọ̀dá ju àwọn ti inú àfonífojì lọ. Ewé tí ìgbín bá kọ̀ nínú àwọn oríṣi mẹ́fà yìí kì í sì í fi dandan jẹ́ èyí tí ewúrẹ́ yóò kọ̀, nítorí náà kò sí ọ̀kan tó borí àwọn yòókù níbi gbogbo. Nígbà tí John Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ wo àwọn ibi tí àwọn olùwádìí ti ṣàkọsílẹ̀ táìmù wọn ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí i pé òtútù líle ti dín kù níbẹ̀, àwọn táìmù onithymol àti onicarvacrol sì ti ń wọ inú àfonífojì tí wọn kò sí tẹ́lẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde.